Ìyìn Ẹni Tó Ń Wá Ojú Ibi Tó Ń Jò

Iṣẹ́ mẹkáníìkì tí ìyìn tọ́ sí jù, lójú tèmi, ni wíwá ibi tí omi rédíétọ̀ ti ń jò lára ọkọ̀ tó ti pẹ́. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ lè gbẹ. Ìgbà tó bá gbóná ni omi náà ń yọ jáde, ooru á sì fà á gbẹ kó tó kán sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ kì í sáré pààrọ̀ rédíétọ̀. Yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, yóò de pọ́ǹpù onígéèjì mọ́ ẹnu rédíétọ̀, yóò fún afẹ́fẹ́ sí i dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sórí ìdérí, yóò wá tẹjú mọ́ géèjì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń wálẹ̀, yóò tan tọ́ọ̀ṣì wá ipa funfun tí omi tó gbẹ fi sílẹ̀ létí họ́ọ̀sì tàbí lábẹ́ ihò kékeré ara wọ́tà-pọ́ǹpù.

Àwọn kan á ní oògùn tó ń dí ihò wà lọ́jà. Ó lè gbé ọkọ̀ délé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún lè dí àwọn ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀. Àwọn mìíràn á ní ká ṣáà máa bu omi kún un. Omi lásán ń mú irin dípẹtà. Wákàtí tí mẹkáníìkì fi wá ojú ibi tó ń jò, iṣẹ́ gan-an ni. Ó yẹ ká sanwó rẹ̀ bí a ṣe ń sanwó páàtì, kódà bó bá jẹ́ kílíìpù họ́ọ̀sì kan péré ló pààrọ̀.