Ẹ́ńjìnnì Lásán àti Háíbíríìdì Nínú Géèmù Ìje

Ọkọ̀ háíbíríìdì McLaren P1 ni wọ́n yà sára páálí géèmù Forza Motorsport 5 lọ́dún 2013. Agbára ẹṣin 903 ló ní. 176 nínú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ mọ́tò oníbátìrì wá. Ẹ tẹ iná mọ́ ọn, bátìrì á ti gbé e fò kí tọ́bò tó mí dé. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ àwọn tó ṣe géèmù náà nìyẹn: ọwọ́ ẹni ń mọ ìyàtọ̀ láàárín háíbíríìdì àti ẹ́ńjìnnì lásán. McLaren F1, tí kò ní bátìrì tàbí tọ́bò, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké gòkè kó tó fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn.

Ní Jos, ọ̀rọ̀ náà kọjá eré. Ìlú yìí fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò a sì pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. (Ẹni tó ti wakọ̀ láti Èkó gòkè débẹ̀ yóò ti fura.) Mọ́tò iná ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun gun òkè.

Síbẹ̀, F1 ni èmi máa mú. Igbe ẹ́ńjìnnì V12 rẹ̀ yẹn nìkan tó owó géèmù.