A Fẹ́ Lọ Wo Òkun

Bí àgbàlagbà bá ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ní kùtù hàì ní Sabon Gari, ìbéèrè kan ni aládùúgbò yóò bi í: "Kò sí láburú o? Ta ló kú?" Ìbéèrè náà ní ìdí. Yorùbá Kánò kì í ṣàdédé gba ọ̀nà ilé. Òkú ní í gbé wa lọ, tàbí ìgbéyàwó, tàbí ilé tí a kọ́ dé òkè fèrèsé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, tí ẹ̀gbọ́n ẹni ní kí á tètè wá wò kí ògiri tó wó. Ọlọ́jà ń lọ nítorí ọjà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí mo ń sọ yìí, kò sí òkú nílẹ̀, kò sí ìyàwó. Bàbá onílé wa ń so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ orí Peugeot wọn, wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ẹnikẹ́ni ò kú," ni wọ́n wí. "Èmi àti ìyá yín fẹ́ lọ wo òkun."

Ẹni tó béèrè dúró títí. "Kí lẹ fẹ́ fi òkun ṣe, Bàbá?"

Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi rin ìrìn náà, n ò gbọ́ kí Bàbá dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí ìbéèrè yẹn.

Iṣẹ́ rélùwéè ni Bàbá ti fẹ̀yìntì. Màmá ta gbànja lọ́jà títí orúnkún fi kọ̀ fún wọn. Ilé wọn jẹ́ irú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là á já láàárín, tí igi dógóyárò kan ṣíji bo àgbàlá. Yàrá kẹta lápá òsì ni tiwa. Ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, n ò sì lè sọ̀rọ̀ òkun tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn láìkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ omi tí à ń mu.

Rírà là ń rà á. Bí ẹ̀rọ bá yọ omi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọdún ti dé nìyẹn. Mẹ́rúwà ló ń bọ́ wa. Àwọn ọmọkùnrin tí iṣan ọrùn wọn le bí okùn, wọ́n á ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì wọ àdúgbò, igbe wọn a sì jí wa ṣáájú aago. Ojú ẹnu ọ̀nà ni Màmá ti ń kà á, kẹ́ẹ̀gì kan, kẹ́ẹ̀gì méjì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ó kún dé ọrùn. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì là ń fi fọ ẹsẹ̀ ọmọdé. Nígbà ọyẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ bá bo oòrùn lójú, ètè gbogbo wa a là, òrí ò ní kúrò lórí fèrèsé. Tọkọtaya tó ti fi ogójì ọdún ka omi ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì ló ń wá ibi tí omi ò ti lóǹkà.

Mo mọ̀ pé àwọn òyìnbó tó bá fẹ̀yìntì a máa ra ilé onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, tí ibùsùn àti ibi ìdáná wà nínú rẹ̀, wọ́n á wá máa wọ́ ọ kiri létí omi. Bàbá ti rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kan rí. Wọn ò ní owó irú rẹ̀, wọn ò sì rí ẹni tó ń tà á ní Kánò. Peugeot 504 elérò méje ni wọ́n ní, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Bàbá tú ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Wọ́n tẹ́ fóòmù síbẹ̀, Màmá fi àǹkárá ọjà Kantin Kwari rán kọ́tìnnì sí fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sítóòfù oníkẹrosíìnì kan wà nínú páálí, ìkòkò méjì wà nínú rẹ̀. Omi mímu wà lórí ọkọ̀. Màmá ò fọkàn tán omi ibòmíràn, nítorí náà wọ́n ń gbé omi Kánò lọ síbi òkun. A fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ títí, wọn ò yí i padà.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n mú mi dání, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Orí fóòmù ni mo jókòó sí, àpò àlùbọ́sà àti kìlíṣí tí wọ́n dì fún ẹbí fún mi mọ́ ẹ̀gbẹ́. A gba Sáríà, Kàdúná, Tẹ̀gínà, Mókwà. Bàbá ń wa ọkọ̀ lójú títì, ṣùgbọ́n ojú irin ni ọkàn wọn ń tọ̀. Wọ́n á ní, "Ìsọdá kan ń bọ̀ níwájú," kò ní pẹ́, irin á sì dábùú ọ̀nà lóòótọ́. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé rélùwéè ló bí ìlú tí à ń gbé. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Òmíràn gbéra ní Barò létí odò Ọya, ó wọ Kánò ní 1911. Ní 1912, àwọn méjèèjì pàdé ní Mínà. Akọ̀wé, káfíńtà, aránṣọ àti olóbì láti ìsàlẹ̀ gun ọkọ̀ náà wá. Ìjọba òyìnbó ò fẹ́ kí wọ́n gbé inú odi ìlú Ẹ́mírì, ó la ilẹ̀ fún wọn lẹ́yìn odi. Hausa pe ibẹ̀ ní Sabon Gari, ìlú tuntun. (Ẹ má gbàgbé pé ní 1916 ni Ìbàdàn náà ya ilẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa, orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní ni Sábó. Orúkọ kan náà ni àlejò ń jẹ́ lọ́hùn-ún àti níhìn-ín.)

Láti Kánò dé Èkó, irin náà lé ní 1,100 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá dé orí afárá Jẹ́bà, Màmá á ní kí Bàbá rọra. Wọ́n á yọ orí sí fèrèsé wo odò Ọya, wọn ò ní sọ nǹkan kan títí a ó fi sọdá tán. Ọjọ́ kejì la wọ Èkó.

Wàhálà ibi tí a ó sùn ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ẹ̀gbọ́n Màmá wà ní Múṣín, kò sì yé e bí àbúrò òun ṣe máa wá láti Òkè Ọya kí ó sùn sínú mọ́tò. "Ṣé a ò nílé ni? Kí làwọn èèyàn ó wí?" Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó ní ẹbí tó sì sùn síta, ẹbí ló fi bú. Bàbá ò bá a jiyàn. A jẹ àmàlà nílé wọn, a kó àlùbọ́sà fún wọn, a sì sùn sínú Peugeot láàárín ọgbà wọn gan-an, tí gbogbo ojúlé ń yọjú wò wá. Níbi tí kò bá sí ẹbí, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń tọrọ. Bàbá tó jẹ́ díákónì mọ bí a ṣe ń bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀.

Ní etíkun Bar Beach ni mo ti kọ́kọ́ rí òkun. Ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé ọkọ̀ ńlá ń bọ̀. Àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà, agogo ń dún, àwọn ọmọkùnrin ń fa ẹṣin kiri fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó gùn ún. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ tí Màmá ń fi Hausa rojọ́ sí eruku tó wọ ojú wọn, ó dúró gbagidi: ará Kánò ni. A rin ọ̀nà ọjọ́ méjì wá sétí omi, ẹni tó kọ́kọ́ kí wa jẹ́ ọmọ ilé. Ó fi ẹṣin gbé mi lọ gbé mi bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá ò kọbi ara sí ẹṣin. Apá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń nawọ́ sí, níbi tí apá òkúta méjì gbé wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀nà èbúté. Wọ́n ní láàárín 1908 sí 1912 ni òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta náà kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé láìforí sọ iyanrìn, ìgbà kan náà gan-an tí rélùwéè ń wọ Kánò, nítorí ẹ̀pà àti òwú Òkè Ọya gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀ wọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Iyanrìn létíkun yìí láti ìwọ̀-oòrùn ló ń rìn bọ̀ sí ìlà-oòrùn, òkun ló ń gbé e. Òkúta wá dínà mọ́ ọn. Etíkun tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn ń ga sí i, èyí tí a dúró lé lórí ń ṣófo lọ́dọọdún. Bí omi bá ru, á rékọjá sí títì Ahmadu Bello. Bàbá bu ẹ̀rín. "Gbogbo ayé ló ń jẹ ẹ̀pà Kánò," ni wọ́n wí, "ẹ̀pà Kánò ló jẹ etíkun Èkó."

Ọ̀rọ̀ àwàdà ni, ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ ju àwàdà lọ. Ẹ wá Bar Beach lónìí, ẹ ò ní rí i. Iyanrìn ni wọ́n kó dí ibi tí mo ti gun ẹṣin, ìlú Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ sí orí rẹ̀, lẹ́yìn ògiri òkúta tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà 8.5.

Àgbádárìgì ni Màmá fẹ́ràn jù, èmi náà fara mọ́ wọn. A wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n parí ní 1845, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà; àkàsọ̀ rẹ̀ ga, ó sì ń dún, Màmá ní àwọn ò gùn ún. Ohun tó mú Bàbá dúró pẹ́ níbẹ̀ ni ìtàn Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò. Oṣù Kejìlá 1825 ló gbéra níbẹ̀. Ó gba Ọ̀yọ́ Ilé kọjá, oṣù Keje 1826 ló tó wọ Kánò. Oṣù méje fún ọ̀nà tí Peugeot fi ọjọ́ méjì rìn! Clapperton ò padà wá, Sókótó ni ó kú sí ní 1827. Ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, ló rin ọ̀nà náà padà dé Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti mú un pé aṣebi ni, wọ́n fún un ní omi oró mu láti fi dán an wò. Kò kú.

Màmá mi orí. "Ẹ ò rí i? Ẹni tó bá wá láìdi ọjà, wọ́n á ní ó ní nǹkan lọ́kàn."

A wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀réfù, a rin ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà lọ síbi ọkọ̀. Ọ̀nà yẹn gùn, oòrùn mú, igi àgbọn nìkan ló ń ṣíji. A ò sọ̀rọ̀. Ní òpin rẹ̀ ni òkun ti là, kò sí ilé, kò sí òkúta, kò sí ẹlẹ́ṣin. Màmá bọ́ bàtà. Wọ́n ká ìró dé orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì dúró síbi tí ìgbì ti ń parí, kí omi wá kó iyanrìn kúrò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Bàbá na ọwọ́ sí wọn láti ẹ̀yìn kí wọ́n má ṣubú. Báyìí ni wọ́n wà fún bíi wákàtí kan. Mo wo aago, mo tún wo aago. Ọmọdé ni mí, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n bá wá ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀pẹ́ la gbà lọ kẹ́yìn, ìlú tí Kòsọ́kọ́ sá lọ nígbà tí àwọn òyìnbó lé e kúrò lórí oyè Èkó ní 1851. Ẹja ló gbé wa lọ síbẹ̀, kí n má parọ́. Màmá dúnàá-dúrà ẹja yíyan títí ẹlẹ́ja fi béèrè bóyá Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Òórùn rẹ̀ bá wa dé Kánò, ó sì wà nínú fóòmù títí òjò fi dé. Lọ́dún mìíràn tí mi ò bá wọn lọ, wọ́n dé Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, Bàbá sì ń ròyìn mọ́sálásí ńlá tí àwọn Agùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíl dé, kọ́ síbẹ̀ bí ẹni pé ṣọ́ọ̀ṣì Bràsíl ni.

Ọ̀nà ti bàjẹ́ báyìí, kì í ṣe ti kòtò. Lẹ́yìn oṣù Kẹta 2022, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná, àwọn ọmọ Bàbá àti Màmá gba kọ́kọ́rọ́ Peugeot lọ́wọ́ wọn. Abẹ́ dógóyárò ló wà, ewé ń bọ́ lé e lórí, kọ́tìnnì àǹkárá ti ṣá.

Mo lọ kí wọn nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Mẹ́rúwà kan ń já omi, ọmọdékùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti abúlé, Màmá sì ń fi Hausa ròyìn òkun fún un: omi tí èèyàn ò rí òdìkejì rẹ̀, tí kò lólówó. Ọmọ náà gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lè lọ pọn ọ́n. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni, kò ṣeé mu, kò ṣeé fi se oúnjẹ, kò ṣeé fi fọṣọ. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni wọ́n wá ń fi í ṣe.

"Wíwò ni," ni Màmá wí, wọ́n sì ka owó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lé e lọ́wọ́.