Omi Tí Kò Bo Ẹsẹ̀

Kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó tí kò gbọ́ orúkọ Luca Pacioli rí. Ọmọ ìlú Sansepolcro ní Ítálì ni. Òun ló tẹ ìwé jáde ní Venice ní ọdún 1494, tó fi ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ òwò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì sínú ìwé, lápá ẹni tó gbà àti lápá ẹni tó fún ni. Nígbà tí mo ń kàwé gboyè ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mo gbọ́ pé ọmọ ìlú kan náà ni ayàwòrán Piero della Francesca, tó kú ní 1492, tí òun náà sì kọ ìwé ìṣirò fún àwọn oníṣòwò. Ìyẹn ló kọ́kọ́ gbé mi dé iwájú àwòrán rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé mi ló dá mi padà síbẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Àwòrán ìrìbọmi Jésù ni. Ó wà ní National Gallery ní Trafalgar Square, àwọn tó ń ṣàkóso ibẹ̀ sì ti rà á láti 1861. Jésù dúró láàárín, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Jòhánù na abọ́ kékeré sókè orí rẹ̀. Àdàbà na ìyẹ́ sókè abọ́ náà, ó funfun bí ìkùukùu tó wà nítòsí rẹ̀. Áńgẹ́lì mẹ́ta dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́bàá igi kan. Lẹ́yìn wọn, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Odò náà ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àmọ́ nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ Jésù, ó ti fà tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Omi tí kò bo ẹsẹ̀ yìí ló kàn mí. Ọmọbìnrin mi, tó pé ọdún mẹ́rìnlá, ní òun fẹ́ ṣèrìbọmi ní ìjọ tí à ń lọ. Inú mi dùn. Àfi bí pásítọ̀ ṣe pè mí sẹ́yìn, tó ní èmi náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ omi kí n tó lè dúró ti ọmọ mi, nítorí pé èyí tí wọ́n ta sí mi lórí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́ kì í ṣe ìrìbọmi. Ìyá mi ló pọ̀n mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ti sùn báyìí. Bí mo bá tún un ṣe, ṣé kì í ṣe pé mo fagi lé ohun tó ṣe fún mi?

Ẹ wo àwọn orúkọ tí àwa Yorùbá ń pè é. Àwọn kan ní ìsàmì: ẹni tí a bá sàmì sí lára ti ní ẹni tó ni ín, ọ̀rọ̀ náà kò sì wọn omi. Àwọn mìíràn ní ìrìbọmi tàbí ìtẹ̀bọmi: ẹni náà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ pátápátá. Bíbélì tí Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀ kò yan èyíkéyìí. Baptisi ti Gíríìkì ló gbà wọlé. Pásítọ̀ wa kò sì ṣàìní ẹjọ́ rere, torí pé kíki nǹkan bọ omi wà nínú ọ̀rọ̀ Gíríìkì yẹn. Pọ́ọ̀lù pàápàá kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé ẹni tó bá ṣe é ti bá Kristi kú, a sì ti sin ín pẹ̀lú rẹ̀.

Níbi ikú yìí ni mo ti rí àbùkù àwòrán Piero. Ó tutù jù. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ kan náà ló tàn sára gbogbo wọn, ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni. Kò sí ibojì nínú omi yẹn. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà lè rò pé ọ̀rẹ́ kan ló ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ bomi ṣanra. Ohun tí "tẹ̀" gbé dání nínú ìtẹ̀bọmi wa, pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń tẹ ni sísàlẹ̀, Piero kò yà á.

Síbẹ̀, ó rí ohun kan tí pásítọ̀ wa kò rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àdàbà, kí ẹ sọ ojú yín kalẹ̀ sí abọ́, sí orí, sí ọwọ́ Jésù: ìlà kan ṣoṣo ni, ó gún láti òkè wá. Onímọ̀ ìṣirò ló fà á, kò ṣèèṣì. Ọwọ́ Jésù kò ṣiṣẹ́ kankan. Ó ń gbà ni. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn nìkan ló ń làágùn, orí rẹ̀ há sínú ẹ̀wù, kò tíì rí nǹkan kan. Bíbọ́ ẹ̀wù àtijọ́ ni ipa tiwa. Èyí tó kù, a ń fi fún ni ni. Bí a bá ń fi fún ni, kí ló wá burú nínú pé ọmọ ọwọ́ gbà á?

Ní ti ìwọ̀n omi, ìwé kékeré kan tí àwọn Onígbàgbọ́ ìgbà ìjímìjí fi sílẹ̀, Didache, ní omi tó ń ṣàn ló dára jù. Bí kò bá sí, kí a lo omi mìíràn. Bí ìyẹn náà kò bá tó, kí a da omi sórí ẹni náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú iṣẹ́ mi, owó tí a ti gbà, tí a sì ti kọ sílẹ̀, a kì í tún un kọ bí ẹni pé a kò gbà á rí.

Mo ti sọ fún pásítọ̀ pé n kò ní tún un ṣe. Ọmọ mi yóò wọ omi, omi yóò sì bò ó lórí gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́. N óò dúró létí omi bí wọ́n bá gbà fún mi. Bí wọn kò bá gbà, n óò jókòó sẹ́yìn láàárín ìjọ, n óò sì mú aṣọ ìnura rẹ̀ dání.

Ẹ lọ wo àwòrán náà. Wọn kì í gbowó ìwọlé. Ẹni tó bá rí i lọ́nà mìíràn, kó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa.