Àmì Pupa Lórí Ojú Dúdú

Ní Computer Village, Ìkẹjà, bí mọ́nítọ̀ èèyàn bá ń ṣe ségesège, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ó lọ ra wáyà tuntun. Bí wáyà tuntun kò bá ràn án, wọ́n á ní kí ó jẹ́ kí àwọn pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, kí àwọn tún un gbé lé e látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tí mo jókòó tì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ báyẹn. Òun a kọ́kọ́ wò.

Baba kan tó ń to ìwé fún àwọn atẹ̀wé ló gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Linux ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé mọ́nítọ̀ ńlá tó ń so mọ́ ọn dání, àti wáyà HDMI tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ojú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ mọ́ gaara. Lójú mọ́nítọ̀ ni àwọn àmì wínníwínní ti ń tàn, tí wọ́n ń kú, níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí iná igi bá ń ta.

“Ẹnjiníà, ó ti ń ṣe mí báyìí tipẹ́,” ni baba wí, ó sì na ọwọ́ láti yọ wáyà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì yọ ọ́.”

Ó wo ojú mọ́nítọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀ láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Àwòrán tó bá ń gé sí méjì ní ìbú, bí kọ̀ǹpútà ṣe ń to àwòrán ló ní ọwọ́ nínú. Èyí tó bá ń ṣú tó tún ń mọ́, iná tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ ni kí a lọ yẹ̀ wò. Èyí kò jọ ìkankan nínú méjèèjì. Àmì fọ́nká, ṣùgbọ́n àwòrán tó wà lábẹ́ wọn kò yẹ̀ kúrò lójú kan.

Ó ní kí kọ̀ǹpútà ya àwòrán ohun tó wà lójú mọ́nítọ̀ pamọ́, ó wá ṣí àwòrán náà lójú láptọ́ọ̀pù, ó fẹ̀ ẹ́ títí. Kò sí àmì kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí àwòrán ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, ó mọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì abẹ́ mọ́nítọ̀, ètò inú mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀ sì yọ sójú: ibi tí èèyàn ti ń dín ìmọ́lẹ̀ kù tàbí tó ti ń yan èdè. Mọ́nítọ̀ ló ń ya ìyẹn fúnra rẹ̀, kò gba inú wáyà wá. Àwọn àmì náà ń tàn títí dé etí àpótí ètò yìí, kò sí ọ̀kan tó wọ inú rẹ̀. Gíláàsì mọ́nítọ̀ kò ní àrùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo wà lọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́: kò tíì mú skrudiráfà, ó ti yọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà àti òpin rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀sùn.

Nígbà náà ló tó ṣí tẹ́míná. Ó tẹ xrandr, HDMI-1 sì jáde pẹ̀lú 1920x1080, ìràwọ̀ kékeré sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 60.00 láti fi hàn pé òun ni ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó tẹ dmesg, ó fara balẹ̀ ka ohun tí i915, ìyẹn dráfà Intel, sọ. Kò sí ìráhùn kankan níbẹ̀. Ó wo /proc/cmdline, ó rí i915.enable_psr=0 níbẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìléwọ́ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Baba ní ẹnì kan ti bá òun sọ 60 yẹn di 50, kò sì yàtọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí òun gbà pé ọ̀rọ̀ náà kọjá wáyà. Níbí ni mo ti sún mọ́ ẹnjiníà náà dáadáa. Ó mú bírò, ó ń ṣírò. Ojú ń rí 1920 lọ́nà 1080, ṣùgbọ́n àlàfo tí ojú kì í rí wà létí àwòrán, wáyà sì ń gbé e pẹ̀lú. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2200 lọ́nà 1125. Bí èyí bá kọjá nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, píksẹ́lì mílíọ̀nù 148.5 nìyẹn. Tó bá di 50, àlàfo ẹ̀gbẹ́ ló ń fẹ̀ sí i, ìlà kọ̀ọ̀kan á di 2640. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú baba: 148.5 náà ló tún jáde. Wáyà kò sinmi rárá. Ó wá tẹ àṣẹ tirẹ̀:

xrandr --output HDMI-1 --mode 1280x720 --rate 60

Níbẹ̀, 1650 lọ́nà 750 ni, mílíọ̀nù 74.25 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìdajì géérégé. Àwọn àmì náà pòórá. Ó dá a padà sí 1080, wọ́n dé.

Ó pààrọ̀ wáyà sí kúkúrú kan tó gbà gbọ́. Àmì ṣì wà. Ó gbé mọ́nítọ̀ ṣọ́ọ̀bù sí i, àmì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ó dá wáyà àti mọ́nítọ̀ baba padà sáyè wọn. Nígbà tó rọra ti ẹnu wáyà sókè, àmì dín kù. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, wọ́n pọ̀. Ihò HDMI lára láptọ́ọ̀pù ló kù. Ẹlòmíràn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í túdè. Ó fi fláàṣì kékeré kan bọ ara kọ̀ǹpútà. Àwòrán márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀: dúdú, funfun, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù.

Ó fi dúdú kún ojú mọ́nítọ̀. Àwọn àmì náà yọ, pupa ni gbogbo wọn. Ó fi àwọ̀ ewé síbẹ̀. Wọ́n di ìyeyè, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ pupa lórí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé, ìyeyè ló ń bí. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọ̀ ń gbà nínú HDMI, ọ̀kan fún búlúù, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún pupa. Ọ̀nà búlúù ló tún ń gbé àmì tó ń sọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán kò fi fò látàárọ̀. Nínú ẹsẹ̀ mọ́kàndínlógún tí ihò HDMI ní, ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 3 ló ń gbé pupa. Ìgbà tó fi máa tú ìdè àkọ́kọ́, ó ti mọ ẹsẹ̀ tó fẹ́ lọ bẹ̀ wò.

Ó yọ ìdí láptọ́ọ̀pù, ó sì kọ́kọ́ já ẹnu bátìrì. Ó fi tọ́ọ̀ṣì tan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe láti òkè, kí òjìji lè bọ́ sínú ohunkóhun tó bá lanu. Ó fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá sójú. Ìlàjì mìlímítà ló wà láàárín ẹsẹ̀ kan àti èkejì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gbé awò náà fún mi. Ẹsẹ̀ 1, tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà, ní òrùka dúdú tín-ín-rín kan níbi tó ti yẹ kí lẹ́ẹ̀dì dì í mú. Ó ṣì ń fara kan lẹ́ẹ̀dì náà, ṣùgbọ́n kò lẹ̀ mọ́ ọn mọ́.

Ó kán flux sí i díẹ̀. Ó nu ẹnu irin gbígbóná náà sára kànrìnkàn tútù, ó fi lẹ́ẹ̀dì bíńtín sẹ́nu rẹ̀, ó gbé e kan ẹsẹ̀ náà, ó dúró títí tí lẹ́ẹ̀dì fi yọ́ tó sì dán, ó fà á kúrò ní ìlà tààrà láìgbọ̀n. Ó ṣe ẹsẹ̀ 3 náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì là. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti spírítì fọ ibẹ̀. Mítà ló fi wò ó bóyá ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 2 ti lẹ̀ mọ́ra. Wọn kò lẹ̀.

Nígbà tó dè é padà, àwòrán dúdú ló kọ́kọ́ gbé sójú, ní 1080, ní 60. Ó ti ẹnu wáyà sókè, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Dúdú ni, látòkè délẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gba iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó ń yíjú wò ó látìgbàdégbà.

Mo rò pé ó ti parí. Ó ṣí ìwé ìléwọ́ rẹ̀, ó ka ohun tó kọ síbẹ̀ láàárọ̀. PSR tí wọ́n pa yẹn, ojú láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló kàn: òun ló ń jẹ́ kí síkírìn máa di àwòrán mú nígbà tí kò bá sí ohun tó yí padà, kí kọ̀ǹpútà lè dín iná jíjẹ kù. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú HDMI. Ẹnì kan ló fi í síbẹ̀ nígbà tó ń wá ìwòsàn, kò sì rántí yọ ọ́, bátìrì baba ló ń san owó rẹ̀. Ó ṣí /etc/default/grub, ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó tẹ sudo update-grub, ó tún kọ̀ǹpútà tàn. Ó wá fi ojú ewé funfun sí síkírìn láptọ́ọ̀pù, ó wò ó bóyá yóò máa ṣẹ́jú, bóyá ẹni tó fi í síbẹ̀ mọ ohun tó rí.

Kò ṣẹ́jú. Ó ká wáyà HDMI àtijọ́ náà, ó fi lé baba lọ́wọ́.

“Wáyà yín kò ní nǹkan kan, sà. Ẹ má ra òmíràn. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé láptọ́ọ̀pù kúrò nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́.”