Orúkọ tí ẹni tí ń jẹ́ ẹ kò gbọ́: Kúyẹ̀ ti J. F. Ọdúnjọ

J. F. Ọdúnjọ (1904-1980), ẹni tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi Aláwíyé rẹ̀ mọ ìwé kà, gbé ìtàn àròsọ Kúyẹ̀ jáde ní ọdún 1964. Ọmọ òrukàn ni Kúyẹ̀. Adití ni, odi sì ni. Ó jìyà lọ́wọ́ ẹbí, ó wá ẹni tí yóò ṣe òbí fún un kiri, títí etí rẹ̀ fi là tí ohùn rẹ̀ sì jáde.

Orúkọ ọmọ náà ni ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ yẹ̀ wò. «Ikú yẹ̀» ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: ikú tí ń bọ̀ ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Towé, gẹ́gẹ́ bí ní Abẹ́òkúta tí í ṣe ìlú òǹkọ̀wé, ẹni tí ó bá gbọ́ Kúyẹ̀, Kúkọ̀yí tàbí Kúforíjì yóò ti fura pé ikú ti bá ilé náà jà rí, bóyá àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà kò dúró. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àgbà kì í fẹ́ sọ lójú ọmọdé, ṣùgbọ́n orúkọ ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ohun tí ó ká ni lára nínú ìwé yìí ni pé orúkọ tí gbogbo ènìyàn fi ń pe ọmọ náà, òun nìkan ni kò gbọ́ ọ.

Àléébù ìwé náà wà níbi ìparí rẹ̀. Yorùbá ya adití sọ́tọ̀ kúrò lára odi: etí ni ti ọ̀kan, ẹnu ni ti èkejì. Ṣùgbọ́n ahọ́n ọmọ tí a bí ní adití sábà máa ń dá ṣáṣá. Kò fọhùn nítorí pé kò gbọ́ ohùn tí yóò fara wé. Èdè ọwọ́ wà tí ó lè kọ́. Ní ọdún 1960, ọdún mẹ́rin ṣáájú ìwé yìí, ni Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀nà àlọ́ ni Ọdúnjọ yàn: ìwòsàn ni èrè ìfaradà. Ó dùn mọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ó rò pé àfi bí adití bá fọhùn kí ó tó di ènìyàn láàárín ẹbí.

Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Pobè àti Sakété yóò kọ́kọ́ bá ìṣòro àkọtọ́ pàdé: ẹ, ọ, p àti ṣ ti Nàìjíríà ni álífábẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ní ɛ, ɔ, kp àti sh. Yíyí lẹ́tà padà kò tó. Kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ ní ìtàn orúkọ tí ó ń jẹ́. Nígbà tí kíkà bá parí, kí a bi wọ́n léèrè pé: bí Kúyẹ̀ kò bá fọhùn títí láé, báwo ni ì bá ti yẹ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe sí i?