Ohun Tí Kámẹ́rà Rí Ní Abu Ghraib

Mo ti wo fíìmù Errol Morris, Standard Operating Procedure, tó jáde ní 2008, tó ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí, kì í sì í ṣe torí pé ó dùn ún wò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n Abu Ghraib ní Iraq ni, níbi tí àwọn sójà Amẹ́ríkà ti bọ́ ẹlẹ́wọ̀n sí ìhòòhò, tí wọ́n ń fìyà jẹ wọ́n, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rí àwọn fọ́tò náà ní 2004. Ọkùnrin tó jókòó tì wọ́n láti mọ ìgbà tí wọ́n yà wọ́n ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Brent Pack lorúkọ rẹ̀. Olùwádìí ni ní CID, ẹ̀ka tó ń tọpa ìwà ọ̀daràn láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Sójà kan, Joseph Darby, ló kó àwọn fọ́tò náà fún CID ní January 2004. Kámẹ́rà mẹ́ta ni wọ́n fi ya èyí tó pọ̀ jù, aago inú wọn kò sì bára mu. Kí ni Pack ṣe? Ó wá ìṣẹ̀lẹ̀ tí kámẹ́rà ju ẹyọ kan lọ yà, ó fi ìyẹn tún aago wọn ṣe, ó wá to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ gbọ́ ná, iṣẹ́ yìí wù mí! Ẹni tó bá ti to ìwé àfọwọ́kọ tí kò ní déètì rí á mọ̀ pé kì í ṣe eré. Níbi tí Pack ti ń sọ̀rọ̀ ni fíìmù náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

Ibẹ̀ náà ló ti dùn mí jù. Lẹ́yìn títò, ó ní láti pín wọn: èyí jẹ́ ọ̀ràn, èyí jẹ́ ìlànà iṣẹ́ lásán. Ẹ rántí ọkùnrin tí wọ́n fi nǹkan bo lórí, tó dúró lórí àpótí, tí wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Pack ní ìlànà iṣẹ́ ni, torí wáyà náà kò jọ èyí tí iná wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe òǹrorò o. Wọ́n ti fa ìlà kí fọ́tò tó dé iwájú rẹ̀. Ní September 2003, Ricardo Sanchez, ọ̀gágun tó ń darí ogun ní Iraq, ti fọwọ́ sí ìlànà bí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun ṣe lè fi ọ̀rọ̀ wá ẹlẹ́wọ̀n lẹ́nu wò. Ìdúró tó ń ni ara lára wà nínú rẹ̀. Pack kàn ń wo ìhà tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ni.

Ohun tí kámẹ́rà kò sì rí ńkọ́? Manadel al-Jamadi kú lọ́wọ́ CIA níbẹ̀ ní November 2003. Àwọn dókítà ológun ní pípa ni wọ́n pa á. Sabrina Harman, tó ya fọ́tò òkú náà nínú yìnyín, lọ ẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀sùn mìíràn ní Abu Ghraib kan náà. Kò sí òṣìṣẹ́ CIA kan tí wọ́n bá ṣẹjọ́ lórí ikú náà.

Ṣùgbọ́n Morris náà jẹ̀bi díẹ̀. Ó ní kí àwọn òṣèré tún ìyà náà ṣe, ajá ń fò díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán, orin Danny Elfman ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ká ní Pack bá irú èyí láàárín fọ́tò rẹ̀, ṣebí yóò yọ ọ́ dànù ni! Èyí tó wúwo jù ni pé ẹlẹ́wọ̀n ará Iraq kankan kò sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà. Àwa tí a ń pa á lówe pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, báwo la ṣe fẹ́ gbójú fo ìyẹn? Kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọn ṣọ̀wọ́n. Ní January 2004 kan náà, CID gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ lábẹ́ ìbúra, Washington Post sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní May. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fíìmù yìí kọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka ìyẹn.