Amuneke: Láti Ẹ̀gbẹ́ Òsì sí Iṣẹ́ Kóòṣì

Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù létí pápá kò ní ààyè púpọ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò níbẹ̀. Emmanuel Amuneke mọ̀ ọ́n. Ní Tunis lọ́dún 1994, Sámbíà ló kọ́kọ́ jẹ góòlù; òun ló dá a padà, òun náà ló jẹ èkejì tó fún àwa ọmọ Nàìjíríà ní ife Áfíríkà.

Góòlù rẹ̀ ní Olympics 1996 ni mo fẹ́ràn jù. Eré ti fẹ́ parí, góòlù méjì-méjì ni àwa àti Argẹntínà wà. Wọ́n fún wa ní fíríkíìkì. Bí a ṣe fẹ́ gbá a, gbogbo ẹ̀yìn Argẹntínà sáré síwájú pa pọ̀ kí wọ́n lè fi ọ́fúsáìdì mú wa. Amuneke gba àárín wọn kọjá, bọ́ọ̀lù bá a lójú ilé, ó sì gbá a sáwọ̀n. Eré sísá nìkan kò lè ṣe irú èyí. Ojú inú ni.

Orúnkún rẹ̀ tó fara pa kò jẹ́ kó gbádùn ẹgbẹ́ Barcelona tó bó ṣe yẹ, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tó di kóòṣì, ní Ṣílè lọ́dún 2015, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tí kò ju ọdún 17 lọ ti gba Ife Àgbáyé, tí Victor Osimhen sì jẹ góòlù 10. Lẹ́yìn náà ló mú Tànsáníà dé ìdíje Áfíríkà 2019, ibi tí wọn ò dé mọ́ láti 1980. Lójú tèmi, ti Tànsáníà yìí ló le jù, torí kò bá Osimhen kankan níbẹ̀.